Àgbọ̀n Ìyá Àkàngbé

"Ojú alágbàtọ́ kò tó òṣùwọ̀n," ni ilẹ̀kùn wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àgbọ̀n sókè kí a tún un wò."

Yéwándé gbé àgbọ̀n sókè. Kí ló tún kù tó fẹ́ gbé? Àgbọ̀n tí Ẹlẹ́dàá fún un kò ju bíńtín lọ, ó sì sún sẹ́yìn lábẹ́ ètè bí ìyàwó tuntun tó ń tijú àna. Ó nà án títí ọrùn fi ń ro ó. Búrẹ́dì àárọ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀, iná pupa kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn sì rìn láti iwájú orí rẹ̀ dé ọ̀fun, ó tún rìn padà.

"Ojú alágbàtọ́ kò tó òṣùwọ̀n. Àmì ẹni tí í fi iṣẹ́ sílẹ̀ sá lọ hàn ní ìsàlẹ̀ ojú. A ó ṣílẹ̀kùn fún yín lónìí. Kí oṣù yìí tó parí, ọkọ̀ Ilé Ìsinmi àwọn àgbà yóò wá gbé bàbá. Ẹ kú ìtọ́jú àgbà."

Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì fi ohùn dídùn kí i káàbọ̀. Ìyẹn ló ń bí Yéwándé nínú jù. Bí ènìyàn bá bú ọ, o lè bú u padà. Ilẹ̀kùn tó ń fi ọ̀wọ̀ gba bàbá ẹni lọ́wọ́ ẹni, kí la fẹ́ wí fún un?

Nínú ilé, bàbá rẹ̀ ti jókòó sídìí fèrèsé, ó ń wo ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré kọjá lórí odò Ògùn láìsí ẹnì kankan ní ìjókòó awakọ̀. Bàbá náà ti wa ọkọ̀ ojú irin rí, láti Lafẹ́nwá dé Kánò, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń ní awakọ̀. Bó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó yíjú padà, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi pàtẹ́wọ́.

"Ìyá mi! Ẹ mà pẹ́ lọ́jà o. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Má bínú, Àkàngbé," ni Yéwándé wí. "Èrò ló pọ̀. Ṣé o ti fọnu?"

"Mo ti fọnu, mà."

"Ya ẹnu kí n wò ó."

Bàbá ya ẹnu. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó fi ìka méjì di àgbọ̀n bíńtín náà mú, ó yí ojú Yéwándé sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí ọmọdé ti í ṣe fún ìyá tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. "Ìyá mi, ẹ wò mí. Ẹ má tún lọ mọ́ lónìí."

Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò ní ayé ti bàjẹ́, pé ọmọ ń pe bàbá rẹ̀ ní oríkì, ó tún ń wí fún un pé "o". Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ìyá tó bí bàbá náà kú nígbà tí oyún Yéwándé wà nínú ìyàwó rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin ni bàbá wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ní Lafẹ́nwá, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló wá pàdé rẹ̀. Àwọn ẹbí ló rán an, torí ojú ará ilé kì í lè pa irú rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà mú un jókòó, ó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ó rọra pè é ní Àkàngbé, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Àwọn àgbà kì í da irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí ebi ń pa lórí. Bàbá a máa sọ ìtàn náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá, a ní kí obìnrin náà tó sọ nǹkan kan rárá ni òun ti mọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá bí ọmọ, tí wọ́n rí àgbọ̀n náà, kò sẹ́ni tó tún bèèrè orúkọ tí wọn ó sọ ọ́. Ìyá ti wá wọn wá. Láti ìgbà náà ni bàbá ti ń fi ṣeré, tí í dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ ọwọ́, tí í ní, "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Gbogbo ilé a máa rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tí àìsàn ìgbàgbé wọ̀ ọ́ lára, eré náà di òtítọ́. Ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé, ó gbàgbé Kánò, ó gbàgbé pé òun bímọ, ó gbàgbé ọ̀fọ̀ tó ṣe. Ojú kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ láyé, ojú ìyá rẹ̀. Ọrùn Yéwándé ni ojú náà sì wà.

Ó pẹ́ kí ahọ́n Yéwándé tó lè wí "o" fún bàbá tó bí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀, bálùwẹ̀ ló sá lọ, ó sì sunkún. Ìyá Súàdá, aládùúgbò wọn, ló fà á létí.

"Ta ló ń rí níwájú ẹ̀?" ni Ìyá Súàdá bi í. "Ṣé ìwọ ló ń rí ni? Ìyá ẹ̀ ló ń rí. Tí ìyá bá ń wí fún ọmọ ẹ̀ pé 'ẹ', ẹ̀rù ò ní ba ọmọ ọ̀hún? Jọ̀ọ́, má dẹ́rù ba bàbá ẹ. Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni Yéwándé ṣe di ìyá bàbá rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bu oúnjẹ fún un, ó ń bá a wí bó bá da omi sílẹ̀. Ọkàn bàbá balẹ̀. Ọkàn ọmọ ni kò balẹ̀, torí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní ọmọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ó ti lọ bá wọn ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀, obìnrin kan tó rọra ń jẹ ẹ̀pà nídìí tábìlì, gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán.

"Ẹ gbọ́ mi, àǹtí. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Nígbà tí òkun gba Èkó, tí gbogbo ayé ń sá gòkè wá síbí, ṣé ẹ rántí àwọn àgbà tí àwọn ọmọ wọn já jù sílẹ̀ ní ibùdókọ̀? Ojú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Òun ló wò wọ́n tó ní àwọn alágbọ̀n kékeré ló pọ̀ jù nínú wọn."

"Ṣé òótọ́ sì ni?"

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Àmọ́ mi ò sá, mà. Láti ọdún tó ti ń ṣàìsàn, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ ò rí ìyẹn ni?"

Akọ̀wé náà wẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú ló ń wò, àǹtí mi. Kì í wo iṣẹ́. Ẹ lọ ṣe àgbọ̀n. Ìjọba ló ń sanwó ẹ̀ fún alágbàtọ́. Ẹ ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́." Ó gbé orí sókè díẹ̀. Àgbọ̀n tirẹ̀ gún régé, àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ìyá ọkọ mi ló wà lọ́dọ̀ tèmi," ó wí, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Bí Yéwándé kò bá ṣe àgbọ̀n, wọn ó gbé bàbá lọ sí Ilé Ìsinmi lórí òkè, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, yóò máa ké pe ìyá rẹ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bó bá ṣe é, bàbá yóò wà nílé, lórí ibùsùn rẹ̀, nídìí fèrèsé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa rí?

Ilé ìwòsàn ńlá ló kọ́kọ́ lọ. Dókítà Ọládoyin tó gbà á lálejò ṣì jẹ́ géńdé, ara rẹ̀ ń ta sánsán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ó mú un dúró níwájú dígí kan tó ga tó ènìyàn, ó fi ìka kan fa nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́, àgbọ̀n Yéwándé sì hù jáde nínú dígí náà díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ wo ara yín, mà."

Yéwándé wò ó. Obìnrin tó wà nínú dígí náà dára. Ó dà bí ẹni tí wọ́n máa ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ara ògiri ilé ìfowópamọ́. Yéwándé rẹ́rìn-ín, obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ojú ìyá àgbà nínú ẹ̀rín náà, kò rí i. Inú rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bojú wo ilẹ̀.

"Ẹnu la máa gbà wọlé," ni Dókítà Ọládoyin ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "láàárín ètè ìsàlẹ̀ àti erìgì. Kò sí àpá níta rárá. Àgbọ̀n àtọwọ́dá tí a ó fi síbẹ̀ ní ihò wínníwínní lára, eegun yín á hù wọnú ẹ̀, àwọn méjèèjì á di ọ̀kan."

"Tí mo bá wá fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

"Ta ló máa ń fẹ́ yọ ọ́, mà?" Ẹnu yà á ní tòótọ́. "Kò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀ yẹn. Àfi kí a gé eegun mọ́ ọn."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ṣe é?"

"Ọwọ́ ni." Ó tọ́ka sí igun yàrá, níbi tí ọwọ́ irin méjì ti wà nínú àpótí gíláàsì. "Kì í gbọ̀n, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bá ìyàwó ẹ̀ jà kó tó wá síbi iṣẹ́. Èmi á wà nítòsí."

"Ṣé ó ti bá ẹnikẹ́ni ṣe é tí kò dára rí?"

"Rárá o, mà. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí níbí."

"Tó bá jẹ́ ẹnu lẹ gbà, ṣé màá lè sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ó kàn sinmi ẹnu fúngbà díẹ̀. Omi ẹ̀kọ lẹ ó máa mu. Ètè lè kú tipiri, ọ̀rọ̀ lè máa wọ́ lẹ́nu yín díẹ̀. Lára àwọn mìíràn ó máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n kò sí àpá, mà! Tí ẹ bá sì fẹ́, a lè bá yín wo imú yẹn náà. Ọ̀fẹ́ ni lóṣù yìí."

Yéwándé dúpẹ́, ó ní òun yóò padà wá. Nínú ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ lọ sílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn rẹ̀. Ohùn. Bí ojú ìyá bá lọ, ohùn á ṣì kù. Òun ló ń pe Àkàngbé láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ṣé bàbá ò ní fi ohùn mọ̀ ọ́n? Afọ́jú pàápàá ń fi ohùn mọ ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá wá gba ẹnu wọlé, tí ètè kú, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́, kí ló kù tí yóò fi pè é?

"Ọ̀nà kan kò wọjà," ni Ìyá Súàdá wí nígbà tó gbọ́. "Dókítà Ṣóbọ̀wálé wà ní Ìtòkò. Obìnrin ni, ó ti dàgbà, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Òun ló tún ẹ̀rẹ̀kẹ́ Súàdá ṣe nígbà tí iná jó o. Lọ bá a. Ṣùgbọ́n màá kìlọ̀ fún ẹ o, kò mọ ọ̀rọ̀ pọ́n, bó ṣe rí ló máa ń sọ ọ́."

Òótọ́ ni, kò mọ ọ̀rọ̀ pọ́n. Dókítà Ṣóbọ̀wálé gbé gíláàsì ojú sórí imú, ó fi àtàǹpàkò tẹ àgbọ̀n Yéwándé lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Kò sí dígí kankan nínú yàrá rẹ̀.

"Àgbọ̀n tó dára lèyí," ó wí. "Kí ló dé tó o fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀?"

Yéwándé sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin, ó sì bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ rí, mà?" ni Yéwándé bi í.

"Mo ti bà á jẹ́ rí. Jókòó kí n sọ fún ẹ." Ó sì sọ fún un nípa ọkùnrin kan tí àgbọ̀n rẹ̀ yẹ̀ sápá kan, àti obìnrin kan tí ibẹ̀ kẹ̀, tí òun ní láti padà yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Kò fi ohunkóhun bò. "Obìnrin ọ̀hún ṣì ń kí mi lọ́jọ́ ọdún. Ọkùnrin yẹn ò kí mi, ó sì tọ́ kó má kí mi."

Ibẹ̀ ni ọkàn Yéwándé ti balẹ̀ sí i. Ẹni tó mọ ibi tó ti ṣubú ni í mọ bí a ti í kìlọ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ ni pé kí lo fẹ́ pa mọ́?" ni dókítà wí. "Tó bá jẹ́ ẹwà lo fẹ́ pa mọ́, lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹnu wọlé, kó má baà sí àpá."

"Ohùn mi ni, mà. Ohùn mi ni mo fẹ́ kó kù fún un."

"Ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ni màá gbà wọlé nígbà yẹn. Màá la ibẹ̀ níwọ̀n ìka kan, màá fi ọ̀bẹ ṣe àpò síwájú eegun, màá sì ki àgbọ̀n àtọwọ́dá tí a fi ike ṣe sínú ẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kan ẹnu ẹ. Mi ò lè búra fún ẹ pé ètè ò ní kú rárá, iṣan tó ń lọ síbẹ̀ ò jìnnà. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó wà, màá sì yà fún un. Àpá máa wà o."

"Ẹ jẹ́ kó wà. Ike náà, ṣé ó ṣeé yọ?"

"Ó ṣeé yọ. Kò ní di eegun. Àmọ́ ilẹ̀kùn yín á máa wò ọ́ lójoojúmọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo lo máa wá yọ ọ́?"

Yéwándé mọ ìgbà náà. Ìgbà kan ṣoṣo ni tí ilẹ̀kùn kò ní í bèèrè ojú alágbàtọ́ mọ́, ìgbà tí kò bá sí bàbá nínú ilé náà mọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo bá ń sin ín, mà," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ojú ìyá ẹ̀ ni mo fẹ́ fi sin ín."

Dókítà Ṣóbọ̀wálé dìde, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tó padà dé, àgbọ̀n kan tí wọ́n fi ìda ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ara ènìyàn. "Lẹ èyí mọ́ tìẹ, kó o fi lọ sílé lónìí. Jẹ́ kí bàbá rí ẹ. Tí kò bá mọ̀ ẹ́, o ṣì lè ronú sí i."

Yéwándé wo àgbọ̀n ìda náà, kò gbà á.

"Tí mo bá mọ̀ ṣáájú, mà, mi ò ní lè ṣe é. Wọ́n á sì gbé e lọ."

"Bí ojú bá rí, ẹnu á dákẹ́," ni dókítà wí, ó sì dá ìda náà padà sáyè rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, Yéwándé wẹ bàbá rẹ̀, ó fi òróró pa á lára, ó wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó jókòó tì í títí. Bàbá fi ìka méjì di àgbọ̀n rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Ìyá mi, ibo lẹ ń lọ?"

"Ibi tí mò ń lọ ò jìnnà, Àkàngbé. Ìyá Súàdá á wà pẹ̀lú ẹ."

"Ẹ tètè dé o."

"Màá tètè dé." Ó jẹ́ kó di àgbọ̀n náà mú títí ó fi sú bàbá fúnra rẹ̀. Kò yára kúrò níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò tún dì í mú bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà jókòó.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Ọwọ́ àgbàlagbà náà kò gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Yéwándé sọ bó ti jí ni "Àkàngbé." Ó tún un sọ, ó fetí sí i. Ohùn rẹ̀ mọ́, kò yí padà. Dókítà Ṣóbọ̀wálé dá a dúró sọ́dọ̀ títí ojú tó wú fi wálẹ̀, tí wọ́n fi ya ojú tuntun sínú ẹ̀rọ ìlú, kí ilẹ̀kùn lè mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ìyá Súàdá ń ránṣẹ́ wá pé bàbá ń jẹun, pé nǹkan kan kò ṣe é, pé ó kàn ń bèèrè ìyá rẹ̀ ṣáá. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní bàbá ti dẹ́kun àtimáa bèèrè. Ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí, kì í sì í wo ọkọ̀ ojú irin mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Ní ọ̀sán kan, Yéwándé dúró síwájú ilẹ̀kùn. Kò gbé àgbọ̀n sókè. Iná pupa rìn láti iwájú orí dé ọ̀fun, lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ojú alágbàtọ́ pé òṣùwọ̀n. Àmì ẹni tí í dúró ti iṣẹ́ hàn ní ìsàlẹ̀ ojú. Bàbá yóò máa gbé ilé. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìtọ́jú àgbà."

Ìyá Súàdá pàdé rẹ̀ ní pálọ̀, ó wò ó, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì yára gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bàbá yíjú padà láti ìdí fèrèsé. Ojú náà kò tàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ó gbìyànjú láti dìde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ ti í dìde fún àlejò.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó. Ìyá mi ò sí nílé o. Wọ́n jáde lọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní pẹ́ dé."

Yéwándé ti múra sílẹ̀ fún èyí. Ó dùn ún bí ẹni pé kò múra rárá. Kò jẹ́ kí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ bàbá, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. Ohùn ló kù. Ó pa á mọ́ fún ọjọ́ òní. Ó fi gbogbo ìfẹ́ tó ní sínú rẹ̀, ó sì rọra pè é.

"Àkàngbé."

Bàbá gbé ojú sókè.

"Àkàngbé," ó tún pè é. "Ṣé o ti jẹun?"

Bàbá wo ọwọ́ tó wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó wo obìnrin tí kò mọ̀ rí, tó jókòó tì í, tó mọ oríkì rẹ̀, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbà náà ni Yéwándé tó rántí obìnrin tó pàdé bàbá ní Lafẹ́nwá, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

"Ìyá mi ti kú," ni bàbá wí. Kò bèèrè, ó kàn sọ ọ́ ni.

Yéwándé la ẹnu láti sẹ́. Kí ló fẹ́ sọ? Pé ìyá wà, pé ó ń bọ̀? Kó wá máa wo ẹnu ọ̀nà láti òní títí ọjọ́ ikú rẹ̀, tí ìyá náà kò sì ní wọlé? Ó ti jẹ ẹ́ níyà tó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó wí. "Ìyá ti lọ sinmi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ" náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Láti ìgbà tó ti di ìyá rẹ̀, kò tíì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sì sunkún, ó sunkún bí ẹni tí ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a ni. Yéwándé kúnlẹ̀ tì í, òun náà sunkún. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé ní àkókò náà, kò ní mọ ẹni tó ṣòfò nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tó ṣe, bàbá nu ojú. "Ṣé wọ́n jìyà, mà?"

"Rárá, sà."

"Ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

"Wọ́n ń pè yín ṣáá ni, sà. Títí dópin."

Bàbá mi orí, ó tún mi orí. Ó nawọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ di nǹkan kan mú lójú rẹ̀, ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì, ó sì gbé e padà sí itan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Kò sẹ́nìkan nílé yìí mọ́."

"Mi ò lọ, sà. Ibí ni màá wà."

"Ẹ ṣé. Kí lorúkọ yín, mà?"

"Yéwándé ni, sà."

Ó ronú sí i. "Ìyá àgbà yín ló kú kí wọ́n tó bí yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìyá tó bí bàbá mi."

"Bàbá yín ṣe dáadáa." Ó yíjú sí fèrèsé, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí odò. "Tí Ọlọ́run bá fún èmi náà lọ́mọbìnrin, orúkọ yẹn ni màá sọ ọ́. Bóyá á fojú jọ wọ́n."

"Àmín, sà," ni Yéwándé wí.